Àwọn Màlúù Tí Wọ́n Ń Dà Sá fún Mi

Bí iṣẹ́ tí gbogbo ayé yóò fi máa yìn yín lẹ ń wá, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe wolé-wolé. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é. Odò ẹran, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù tí ẹ ń jẹ, ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ẹran wò, kí n lu òǹtẹ̀ fún èyí tó dára, kí n sì da èyí tó lárùn nù. Wọ́n ṣépè fún mi. Wọ́n da omi ẹ̀jẹ̀ sí mi lára lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ará ọ́fíìsì tèmi gan-an kọ̀wé fi mí sùn. Bí wọ́n bá tún mi bí lọ́la, iṣẹ́ yìí náà ni n ó ṣe, ibẹ̀ náà ni n ó sì dúró sí.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Àpáta ló ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí nǹkan kì í yí padà nílẹ̀ wa? Ṣé àwọn ènìyàn burúkú ló pọ̀ jù ni?" Àsìkò ti lọ, pásítọ̀ ti ń wo aago. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Òun nìyí.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ gbà kò ní adùn kankan nínú. Mo jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn wolé-wolé, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Owó oṣù mi tó san yàrá kan ní Òkè-Àdó, ó sì tó ra gaàrí. Ó parí.

Ọ̀gá Akínlàbí ni wọ́n fi mí sí lọ́wọ́, ní odò ẹran kan nínú ìgboro, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọn kì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó là. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ́n wo aṣọ funfun tí mo lọ̀ kó le gbagidi, wọ́n wo bàtà mi tó ń dán.

"Ìwọ ni wọ́n ní kí n kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀bẹ rẹ dà?"

Mo ní n kò ní. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ yẹn, wọn ò tún bá mi sọ gbólóhùn kan.

Lọ́jọ́ kejì mo mú ọ̀bẹ wá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ní kí n máa pọ́n ọn lásán, n kò gbọdọ̀ fi kan ẹran. Wọ́n á mú un, wọ́n á fi gé irun ọwọ́ wọn. Bí kò bá gé e mọ́lẹ̀, wọ́n á jù ú padà sí mi. Lẹ́yìn ọ̀bẹ, ó kan ọwọ́. Wọ́n á fi aṣọ dì mí lójú, wọ́n á gbé ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí àwọn ẹlẹ́ran ń pè ní fùkù, lé mi lọ́wọ́, wọ́n á ní kí n sọ bóyá ó dára. Èyí tó dára máa ń rọ̀ bí búrẹ́dì. Èyí tó ní ikọ́ ife máa ń ní kókó nínú, bí òkúta nínú ẹ̀wà tí wọn ò ṣà. Bí mo bá ṣì í, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí àkọ́kọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ní báyìí tí mo ti dàgbà, tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ẹ gbé fùkù lé mi lọ́wọ́, n ó sọ fún yín.

Lọ́jọ́ kan mo fi ọ̀bẹ la ẹ̀dọ̀fóró tó lárùn, mo gbàgbé, mo sì fi ọ̀bẹ kan náà la ẹ̀dọ̀ màlúù míì tí ara rẹ̀ mọ́ gaara. Ọ̀gá Akínlàbí já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n jù ú sínú gọ́tà ẹ̀jẹ̀. "Ìwọ gan-an ni àrùn báyìí," ni wọ́n wí. Gbogbo àwọn alápatà bú sẹ́rìn-ín. Mo lọ sunkún lẹ́yìn ọgbà, mo nu ojú mi, mo lọ ra ọ̀bẹ mìíràn. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀bẹ mi kò kúrò lára màlúù kan bọ́ sára ìkejì láìjẹ́ pé omi gbígbóná kàn án.

Nígbà tí Ọ̀gá Akínlàbí ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi odò ẹran lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọ̀bẹ rẹ ti mú. Rántí pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀." Mo rò pé òwe lásán ni wọ́n fi ń dágbére. N kò mọ̀ pé wọ́n ń kìlọ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí odò ẹran ṣe rí nígbà náà. Òfin sọ pé kí a yẹ màlúù wò ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó ṣì wà láàyè, kí a wo bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń mí, bóyá imú rẹ̀ gbẹ, bóyá ó ń wúkọ́, kí wọ́n tó pa á ní ìdájí ọjọ́ kejì. Òfin náà wà. Inú fáìlì ló wà. Kò sí alápatà kan tó ń dúró dè wá ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìdájí, bí wọ́n bá ti dúńbú màlúù, àwọn wolé-wolé á kàn rìn kọjá, wọ́n á máa lu òǹtẹ̀ bí ẹni ń lu ìlù, wọ́n á sì gba ẹran àárọ̀ wọn nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n á gba ilé lọ.

Èmi kọ ẹran àárọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fálọlá, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o fẹ́ ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ wa lẹ́nu ni? Bí ìwọ ò bá gbà, ojú olè ni wọ́n á fi máa wo àwa." Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n máa wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní ọ̀tá, kì í sì í ṣe alápatà.

Mo wá gbé ọ̀bẹ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí da ẹran nù. Bí wolé-wolé bá da màlúù nù, a ó jù ú sínú kòtò, a ó da kẹrosíìnì lé e lórí. Ẹni tó ni ín, òfo ló lọ sílé. Ní ìparí oṣù, ọ́fíìsì á ka iye màlúù tí oníkálukú dà nù. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni òṣìṣẹ́ gidi. Orúkọ mi ló máa ń wà lókè. Wọ́n gbé mi ga. Mo rò pé ìlú ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn.

Nígbà tó yá, àwọn màlúù aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí dín kù níwájú mi. Mo yọ̀ sí i. Òmùgọ̀ ni mí. Àìsàn ò tán lára màlúù kankan. Wọ́n ti ń dà wọ́n sá fún mi ni. Èyí tí wọ́n bá ti rí pé ara rẹ̀ ò yá, kò ní dé odò ẹran mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń pa á sí, lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí wolé-wolé kankan kò lè dé.

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ Lásísì nìyẹn.

Alápatà ni Lásísì, ọmọ Ìbàdàn ni, ọkùnrin kúkurú kan tó máa ń kọrin wákà bó ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo ti da màlúù rẹ̀ méjì nù láàárín ọdún kan. Nígbà tí ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀, kò mú un wá. Òun àti Káríìmù àbúrò rẹ̀ dúńbú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀, kó má baà di òkúǹbete tí Mùsùlùmí kì í jẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúdú, kò sì dì. Ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mi, bó bá ti rí ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò mọ̀ pé àrùn tó ń gba ojú egbò ran ènìyàn ni, yóò sì sá. Ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀. Mo ti lé wọn kúrò níbi tí mo wà.

Ọ̀bẹ ti ya Lásísì lọ́wọ́ níbi tó ti ń bó awọ. Káríìmù ní egbò lápá. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ Lásísì wú bí iṣu, ojú egbò rẹ̀ dúdú bí èédú. Wọn ò lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí dókítà á bi wọ́n níbi tí wọ́n ti kó o. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé wọn débẹ̀, Káríìmù ti kú sínú ọkọ̀. Wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún Lásísì láti ìgúnpá. Àwọn tó jẹ nínú ẹran náà ní bùkà kan ní Agbowó ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́, a sì fi oògùn du ẹ̀mí wọn. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é.

Mo lọ wo Lásísì ní wọ́ọ̀dù. Ìbínú ni mo gbé lọ. N kò tilẹ̀ kí i dáadáa.

"Lásísì, ṣé ẹ mọ̀ pé màlúù yẹn ò dára?"

"Mo mọ̀, Ìyá Wolé."

"Kí ló dé tí ẹ ò mú un wá fún mi?"

Ó wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín. Tí mo bá mú un wá, kí lẹ máa ṣe sí i?"

"N ó dà á nù."

"Kí ló máa kù fún mi?"

Ó dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Kò ní ku nǹkan kan. Tí n kò bá mú un wá ńkọ́? Ó lè bọ́ sí i, ó lè má bọ́ sí i. Ìyá Wolé, ẹ̀yin lẹ kàwé. Èwo ni ẹ̀yin ì bá mú níbẹ̀?"

Ó yí ojú sí ògiri. "Àbúrò mi ti kú. Ẹ má bínú sí i mọ́."

Mo jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Òwe Ọ̀gá Akínlàbí yé mi níbẹ̀. Àwa ni ọ̀bẹ, a ò sì wo èkù ara wa. Ọ́fíìsì ń gbé mi ga nítorí màlúù tí mo dà nù, kì í ṣe nítorí ẹni tí àrùn ò pa. Alápatà tó sọ òtítọ́ ń pàdánù, èyí tó purọ́ ń jèrè. Fálọlá ń gba ọ̀rá dúdú kó má baà rí nǹkan kan. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wa tó jẹ́ èṣù. Olúkúlùkù ń ṣe ohun tí ètò náà ń san án lẹ́san fún ni. Èyí gan-an ni ìdáhùn mi fún ọmọbìnrin tó bi mí léèrè: ẹ má kọ́kọ́ wá ènìyàn burúkú, ẹ wá ibi tí ìwà burúkú ti ń jẹun.

Àwọn aláṣẹ ò bi mí. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn jàǹbá náà ni pé wọ́n kó ẹ̀rọ wá: irin gígùn lókè, ìkọ́ lára rẹ̀, tí wọn yóò máa fi fa màlúù sókè kí ẹran má ṣe kan ilẹ̀. Ẹ̀rọ dáadáa ni. Ó lo oṣù kan péré. Ẹnì kan já wáyà rẹ̀, ìkọ́ sọnù, ìdọ̀tí bò ó. Àwọn ọ̀gá ní aláìmọ̀kan làwọn alápatà. Lásísì, tó ti ń fi ọwọ́ òsì kọ́ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn tó ń bó awọ ni ẹ bi. Gbogbo èérún ẹran tó bá jábọ́ sílẹ̀, tiwọn ni. Òun ni wọ́n ń sè fún ọmọ wọn. Bí màlúù bá wà lókè, kí ló fẹ́ jábọ́?" Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò sí ọ̀gá kan tó ronú pé kí wọ́n wá ohun mìíràn fún àwọn tó ń bó awọ kí wọ́n tó gbé irin wá.

Mo ti rí oríṣiríṣi irinṣẹ́. Àtùpà elépo la fi bẹ̀rẹ̀, ó di tọ́ọ̀ṣì, ó di iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, ó di fóònù tí ẹ fi ń ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró ránṣẹ́ sí dókítà ẹran. Mo fẹ́ràn gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ jù láyé fún ẹni tí kò fẹ́ rí, yóò pa á.

Èmi àti Lásísì bẹ̀rẹ̀ sí ronú papọ̀. Kí ni alápatà fẹ́ jù? Àyè iwájú ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn oníbùkà àti àwọn tó ń lọ tún ẹran tà ti máa ń wọlé, pèpéle iwájú ni wọ́n ti ń rà. Ẹni tó wà lẹ́yìn, oòrùn ni yóò bá a ra ẹran. Alhaji Sùbérù, olórí àwọn alápatà, ló ń pín àyè yìí, àwọn èèyàn tirẹ̀ ló sì máa ń wà níwájú. A wá dá a lábàá báyìí: ẹni tó bá mú màlúù rẹ̀ wá fún yíyẹ̀wò ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò gba iwájú ní ìdájí. Bí a bá sì da ẹran ẹnikẹ́ni nù, olúkúlùkù alápatà tó wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà yóò gé ègé kan nínú tirẹ̀ fún un, kó lè rí nǹkan gbé sórí àtẹ. Kò yàtọ̀ sí àárò tí àwọn baba wa ń bá ara wọn ṣe lóko.

A lọ bá Alhaji Sùbérù nílé. Àgbà ni wọ́n, irùngbọ̀n wọn funfun, wọn kì í pariwo. Wọ́n gbọ́ wa tán, wọ́n ní, "Ìyá Wolé, ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi, ẹ sì fẹ́ kí n bá yín dì í lẹ́rù."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Alhaji, ẹ̀yin náà ni ẹ ó máa pe àyè. Ẹ̀yin ni ẹ ó gé ègé àkọ́kọ́ fún ẹni tí òfo bá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo odò ẹran. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ Agbowó ti ń bì, oníbùkà mélòó ló ṣì ń wá? Iwájú tí ẹ ń pín, ta ló ń rà níbẹ̀ mọ́?"

Lásísì jókòó nítòsí mi, apá agbádá rẹ̀ òfìfo lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ní, "Ó dáa. Títí di Iléyá. Bí kò bá dára, kí n má rí yín níbí mọ́."

Mo lọ bá ọ̀gá ọ́fíìsì wa pé kí wọ́n máa ka iye màlúù tí a yẹ̀ wò láàyè, kì í ṣe iye èyí tí a dà nù nìkan. Wọ́n ní kò sí ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù. Mo mú rúlà àti báírò, mo fa ìlà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n fún mi ní ìwé pé kí n wá sọ ìdí tí mo fi ba ìwé ìjọba jẹ́. Mo dá wọn lóhùn, mo sì fa ìlà sí èsì náà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn díẹ̀ mú màlúù wá ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyókù ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nígbà tí àwọn díẹ̀ yìí gba iwájú, tí wọ́n tà tán kí oòrùn tó là, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìlà gùn dé ìta. Alhaji Sùbérù alára mú akọ màlúù funfun ńlá kan wá, ọmọ wọn ló ń fà á. Bí màlúù náà ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ mi ló wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Mo wo ìhà rẹ̀, ó jìn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ̀yìn ní ìdájí, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má kan ti àwọn yòókù.

Ní ìdájí, mo fi ọwọ́ mú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. N kò tíì là á tí ọwọ́ mi ti sọ fún mi. Mo là á. Kókó wà nínú rẹ̀ bí hóró àgbàdo, ó dé ọ̀fun, ó dé ẹ̀dọ̀.

Fálọlá sún mọ́ mi létí. "Fojú fò ó. Lónìí nìkan. Bí o bá da ẹran Alhaji nù, ètò rẹ kú lónìí."

"Bí n kò bá dà á nù," ni mo wí, "ó ti kú náà nìyẹn."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ má rò pé kò bà mí. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo dà á lé ẹran náà lórí nínú kòtò. Kò tíì tán nínú kẹ́ẹ̀gì tí ọmọ Alhaji fi gbé garawa, tó sì da omi ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lù mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹnu mi, ojú mi, inú aṣọ mi. N kò nu ara. Mo dúró.

Alhaji Sùbérù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ wọn tó ṣófo. Wọn ò wo ọmọ wọn, wọn ò wò mí.

Lásísì ló kọ́kọ́ rìn jáde. Ẹ̀yìn pátápátá ni àyè rẹ̀ ti máa ń wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ègé ẹran kan, ó gbé e lé orí àtẹ Alhaji, ó padà. Bàbá arúgbó kan láti ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn. Àwọn ará iwájú wo ara wọn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí gé. Nígbà tí yóò fi tán, kò sí àtẹ tó kún tó ti Alhaji nínú odò ẹran yẹn.

Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní, "Àwọn tí mo ń fi sẹ́yìn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi yìí?" Wọ́n bá yíjú sí ọmọ wọn. "Lọ pọn omi tó mọ́ wá fún Ìyá Wolé. Kúnlẹ̀ gbé e fún wọn."

Iléyá dé, Iléyá kọjá, kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ètò náà ti parí. Àwọn alápatà fúnra wọn ló ń dá màlúù aláìsàn dúró fún mi, wọ́n á ní, "Ìyá Wolé, ẹ bá mi wo eléyìí, mi ò fẹ́ràn ojú rẹ̀." Àwọn oníbùkà padà láti Agbowó àti Bódìjà. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí ètò náà ni ará ọ́fíìsì mi. Ọ̀rá dúdú ti dáwọ́ dúró, nítorí ẹni tí kò ní ohun tó ń fi pamọ́ kò ní ìdí láti fún ẹnikẹ́ni ní ẹran. Wọ́n kọ̀wé fi mí sùn, àwọn ọ̀gá sì gbé mi kúrò lọ sí ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, wọ́n ní kí n máa to fáìlì.

Mo to fáìlì fún oṣù mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan ariwo ta nísàlẹ̀. Alhaji Sùbérù ni, pẹ̀lú ọkọ̀ méjì tó kún fún alápatà, Lásísì níwájú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wolé-wolé àwọn padà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti gbọ́ ibi tí alápatà ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ẹni tó ń da ẹran àwọn nù padà rí? Ọ̀gá tó fọwọ́ sí ìwé ìpadàbọ̀ mi kò wo ojú mi. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì tẹ fọ́ọ̀mù tuntun, ìlà tí mo fi rúlà fà wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ mi. Kí wọ́n má dárúkọ mi. Ìlà wà níbẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dára. Wọ́n ṣì ń pa màlúù ní ẹ̀yìnkùlé ní àwọn ibòmíràn. Ẹ̀rọ irin yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà. Ipò tó yẹ kí n dé kí n tó kúrò, n kò dé e; Fálọlá dé e. Àwọn ẹlòmíràn a máa fi èyí kọ́ ọmọ wọn pé kí wọ́n má ṣe agídí. Èmi ń kọ́ yín ní òdìkejì. Ẹ ṣe agídí, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bọ́ ẹni tí ẹ ń bá ṣe é.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di wolé-wolé wá mi wá sílé ní Àpáta. Alhaji Sùbérù ti kú, Ọlọ́run foríjì wọ́n. Olórí tuntun tó gba ipò wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí ta àyè iwájú. Àwọn alápatà ti ń sọ pé kí làwọn ń mú màlúù wá ní ìrọ̀lẹ́ fún. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ kàn sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi." Mo bi í pé ta ni ìwà yìí ń pa lára jù. Ó ní àwọn tó wà lẹ́yìn ni, wọ́n sì pọ̀ ju àwọn tó wà níwájú lọ. Mo ní kó wá mi wá ní ìdájí ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé, mo ti wọ bàtà òjò mi.

A kó gbogbo àwọn ará ẹ̀yìn jọ, Lásísì pẹ̀lú irun funfun lórí, a sì lọ dúró níwájú olórí tuntun náà láìpariwo, pé kó dá iwájú padà fún ẹni tó bá mú màlúù wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣebí ẹ ti fẹ̀yìn tì? Kí lẹ tún ń wá níbí?"

Mo ní, "Ẹ̀yìn ni ìjọba ní kí n fi tì, ọmọ mi. Wọn ò ní kí n fi ẹnu tì."